IRIN KÌ Í DÁ ARA RẸ̀ TỌ́JÚ!

Ẹ̀yin ará Ọ̀tà, Sàngó, Ìjòkó àti gbogbo abúlé tó yí wa ká! Ẹ jẹ́ ká rántí ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan kí ẹ tó dìbò.

Ọdún 1896 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Ìdó l'Ékòó. Ilẹ̀ wa yìí ló gbà kọjá. Ní Abẹ́òkúta, odò Ògùn dínà fún un, afárá irin ni wọ́n fi sọdá. Ní 1901, ọkọ̀ ti dé Ìbàdàn.

Ṣé ìfẹ́ wa ló ń pa wọ́n? Rárá o! Epo àti èkùrọ́ wa ni wọ́n ń wá. Àwọn baba wa ló ru yẹ̀pẹ̀, àwọn ló fọ́ òkúta. Ṣùgbọ́n amúnisìn pàápàá mọ̀ pé bí afárá bá já, ẹrù òun ò ní dé Èkó mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ irin wò, tí wọ́n ń kùn ún lọ́dà kó má baà dípẹtà.

Irin náà ń gbó. Afárá Carter tí wọ́n ṣe l'Ékòó ní 1901, nígbà tó di ìparí ọdún 1970 sí 1979, wọ́n tú u, wọ́n sì tún un kọ́.

Àwa ńkọ́ lónìí? Ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ń bẹ l'Ọ́tà. Tírélà ń kó róòdù jáde lójoojúmọ́. Wọ́n ń gba owó orí, wọ́n ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá lọ wo odò ẹ̀yìnkùlé yín nígbà òjò, kí ẹ wo ohun tí ọmọ iléèwé àti ìyá ọlọ́jà fi ń sọdá. Ilé alágbẹ̀dẹ la wà, a ń fi èékánná gé iṣu!

Bí wọ́n bá gbé ìrẹsì àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá dé, ẹ bi wọ́n pé: afárá mélòó ni ẹ yẹ̀ wò lọ́dún tó kọjá? Èló lẹ yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe? Ẹ bi àwa náà! Ohun tí a ń ṣèlérí rèé: kí òjò tó dé lọ́dọọdún, a ó yẹ gbogbo afárá wò, a ó sì lẹ owó tí a ná mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú kí gbogbo ayé kà á.

Ṣíṣí afárá pẹ̀lú ìlù kò tó. Ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ ni kí ẹ dìbò fún!