Ìyá Ìkókó Tí Kò Lẹ́nìkan

Ìlú èrò ni Ọ̀rẹ̀. Mọ́tò tó ń ti Ṣàgámù bọ̀ àti èyí tó ń ti Bìní bọ̀ ń pàdé níbẹ̀. Àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọn kò sì padà mọ́. Ẹ̀bìrà wà láàrin wa, Ìgbò wà, àwọn ará Ọ̀ṣun sì ń ṣe kòkó nínú àwọn abà káàkiri Odígbó. Àwọn ìyàwó wọn ń bímọ níbẹ̀. Ta ní ń bá wọn wẹ ọmọ?

Nílé baba ẹni, ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó yóò ti dé kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ọmọbìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti lọ sóko láti àárọ̀, tí ìyá rẹ̀ wà ní Okene, tí òun nìkan wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá. Bí ọmú rẹ̀ bá wú, ta ni yóò fi hàn? Bí ó bá ń sunkún láìnídìí, ta ni yóò gbọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe gbogbo irú ẹkún bẹ́ẹ̀ ní àìnígbàgbọ́. Àwọn dókítà mọ àìsàn ìbànújẹ́ tí ń mú ìyá lẹ́yìn ìbímọ, ó sì ní ìtọ́jú.

Ìjọba ìpínlẹ̀ wa ti gbìyànjú lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní 2009, nígbà Dókítà Olúṣẹ́gun Mímikò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Wọ́n fi aláboyún 25 sábẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fún àwọn obìnrin náà ní fóònù alágbèéká. Kì í ṣe fóònù ló wù mí níbẹ̀, bí kò ṣe pé obìnrin mọ ẹni tí yóò pè, ẹni náà sì mọ ojúlé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ètò Agbẹ̀bíyè dé, tí wọ́n fi fa àwọn ìyá agbẹ̀bí àti ilé ìgbẹ̀bí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ra, kí wọ́n máa mú aláboyún lọ sílé ìwòsàn. Ìjọba rí i pé ẹni tí obìnrin ti fọkàn tán ni yóò mú un dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn yín. Òṣìṣẹ́ ìlera tó gun ọ̀kadà wọ abà pẹ̀lú ìwé ńlá lọ́wọ́, agbowó-orí ni wọ́n lè pè é. Ọkọ á ní ìyàwó òun kò sí nílé. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò tó ń ra ata lọ́wọ́ obìnrin náà bá ṣáájú rẹ̀ wọlé, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ẹ kí wọn kú ewu ọmọ, ní èdè wọn bí ẹ bá gbọ́ ọ. Ẹ má béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lọ. Bí Mùsùlùmí ni wọ́n, ẹ wọlé. Kí òṣìṣẹ́ náà gbé ìwé sílẹ̀ ná, kó bá wọn gbé ọmọ, kó béèrè bóyá ìyá rí oorun sùn, bóyá ó jẹun, kó tó béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kó bá bàbá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ọkùnrin náà lè máa bẹ̀rù láìrí ẹni bi léèrè.

Kó sì padà wá. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ ní 2013 ni pé lẹ́yìn ìtọ́jú ọjọ́ ìbí, kí wọ́n tún rí ìyá àti ọmọ ní ọjọ́ kẹta, ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Nínú Lúùkù orí kìíní, Màríà lo bí oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ Èlísábẹ́tì. Ọ̀pọ̀ ìjọ òde òní, ìsọmọlórúkọ ni wọ́n mọ̀: wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹ ìrẹsì, ó tán.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára ìyá, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí ọmọ kò bá mu ọmú, ẹ má dúró de ìbẹ̀wò kankan, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ ojúlé kan tí wọ́n ti bímọ tí ẹ kò gbọ́ ohùn ìyá àgbà níbẹ̀, ẹ gbé omi gbígbóná lọ lọ́la. Nígbà tí wọ́n bá ti mọ̀ yín, ẹ wá mú nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé tó súnmọ́ yín débẹ̀.