Ẹ Kú Oríire Ọdún Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Intouchables!

Ẹ bá wa yọ̀, ẹ bá wa jó! Fíìmù Intouchables pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ọdún 2026 yìí. Ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá ọdún 2011 ló bọ́ sí sinimá káàkiri ilẹ̀ Faransé, kò sì pẹ́ tí ariwo rẹ̀ fi gba ìlú kan. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà nílé nìkan lé ní mílíọ̀nù 19. Nínú gbogbo fíìmù tí àwọn Faransé fúnra wọn ṣe, Bienvenue chez les Ch'tis tó jáde ní 2008 nìkan ló tà jù ú lọ ní ilẹ̀ wọn. Olivier Nakache, Éric Toledano, ẹ̀yin olùdarí méjèèjì, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú làákàyè, ẹ kú oríire!

Fún àǹfààní ẹni tí kò tíì wò ó, ọkùnrin méjì ló ni ìtàn yìí. Philippe jẹ́ olówó, ọmọ bọ̀rọ̀kìnní, ilé ńlá ló ń gbé ní Paris. Ó já bọ́ nígbà tó ń fi agboorùn ńlá fò láti orí òkè, láti ọjọ́ náà, kò sí ibi tó lè mì lára rẹ̀ láti ọrùn lọ sílẹ̀. Driss ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù lẹ́yìn ìlú ló ti dàgbà, kò sì tíì pẹ́ tó ti ẹ̀wọ̀n dé. Nígbà tí Philippe ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú òun, Driss náà yọjú, ṣùgbọ́n kò wá iṣẹ́ wá o. Ìwé kan ló mú wá kí wọ́n bá òun fọwọ́ sí, kí ìjọba lè rí i pé ó ń wáṣẹ́ kiri, kí owó ìrànwọ́ rẹ̀ má baà dúró. Àwọn yòókù kó ìwé ẹ̀rí wá, wọ́n fi ọ̀rọ̀ oyin sẹ́nu. Driss tí kò bẹ̀bẹ̀ rárá ni Philippe mú.

Ọ̀rẹ́ Philippe kan gbọ́, ó wá kìlọ̀ fún un pé ẹlẹ́wọ̀n lọmọ náà, pé irú wọn kì í láàánú. Philippe ní ohun tí òun ń wá gan-an nìyẹn. Ó ní bí fóònù bá dún báyìí, Driss á kàn nà án sí òun pé kí òun gbà á, torí ó ti gbàgbé pé ọwọ́ òun kò ṣiṣẹ́. Mo ti wo fíìmù púpọ̀ láyé mi, n kò rí ibi tí wọ́n ti yẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò gbé sí tó báyìí. Àwa náà mọ bí a ṣe ń kí irú ẹni bẹ́ẹ̀: a ó mi orí, a ó pòṣé, a ó fa ohùn wálẹ̀. Irú ìkíni yẹn ti sú Philippe pátápátá. Driss ń bá a jiyàn, ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ ní oríṣiríṣi àrà títí àwọn méjèèjì fi rẹ́rìn-ín dákú. Ní gbọ̀ngàn opera, bí ọkùnrin kan tó múra bí igi ṣe fi èdè Jámánì bẹnu sórin, Driss bú sẹ́rìn-ín láàárín àwọn ọlọ́lá. Ní ọjọ́ ìbí Philippe ńkọ́? Wọ́n ti fi gòjé kọ orin àwọn àgbà tán, ni Driss bá gbé orin Earth, Wind & Fire sí i, ó bọ́ sí agbo, títí àwọn òṣìṣẹ́ ilé tó fi kóòtù gan pa fi ń mi ìdí.

Omar Sy, ọmọ Fúlàní, ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti Sẹ̀nẹ̀gà wá tí ìyá rẹ̀ ti Mọriténíà wá, ọmọ ìlú Trappes, kú oríire! Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2012, òun ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ César fún òṣèrékùnrin tó peregedé jù lọ. Ó fẹ̀yìn Jean Dujardin balẹ̀, ọjọ́ méjì péré kí Dujardin yẹn tó gba Oscar ní Amẹ́ríkà! Kí a má gbàgbé François Cluzet tó ṣe Philippe. Ojú àti ẹnu nìkan ló fi ṣe gbogbo eré náà, síbẹ̀ a mọ ìgbà tí inú rẹ̀ dùn àti ìgbà tí ó bà jẹ́. Ní àjọ̀dún fíìmù Tokyo ní 2011, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ fún ní ẹ̀bùn òṣèré tó dára jù lọ.

Àwọn kan lókè òkun bínú pé aláwọ̀ dúdú ni wọ́n tún fi ṣe ìránṣẹ́ olówó. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí, ṣùgbọ́n n kò gbà pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo ilé Driss: ó wà nínú ọpọ́n ìwẹ̀ kékeré, àwọn ọmọ ilé ń já wọlé lé e lórí. Àǹtí tó tọ́ ọ dàgbà, tó gbà á ní Sẹ̀nẹ̀gà nígbà tí kò tíì rí ọmọ bí, ń fi iṣẹ́ ìmọ́tótó bọ́ gbogbo wọn. Fíìmù náà kò fi ilé yẹn pamọ́.

Ìtàn fíìmù náà sì ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Philippe Pozzo di Borgo ló já bọ́ ní 1993, Abdel Sellou, ọmọ Àlùjéríà, ló tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùdarí tọ Pozzo di Borgo lọ, ohun tó ní kí wọ́n ṣe ni kí fíìmù náà pani lẹ́rìn-ín. Apá kan èrè rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Simon de Cyrène, tó ń ṣètò ilé tí àwọn akanda àti àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá jọ ń gbé. Pozzo di Borgo dolóògbé ní Mòrókò ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣe tiwọn, The Upside, pẹ̀lú Kevin Hart àti Bryan Cranston. Ẹ jọ̀wọ́, ti Faransé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yin ará wa ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu tí Faransé ti yọ̀ mọ́ lẹ́nu, ẹ ò nílò ògbufọ̀. Ẹ̀yin yòókù, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì wà nínú ẹbí yín tí kò lè dìde rìn, ẹ má dá a wò. Ẹ jọ wò ó, ẹ jọ rẹ́rìn-ín.