Ẹ̀kọ́ Àwọn Adíyelé Ilé àti Ilẹ̀

Bí ìjọba bá fẹ́ la ọ̀nà gba inú oko, tàbí bí báńkì bá fẹ́ yá ènìyàn lówó lórí ilé rẹ̀, ẹnu ẹnì kan ni gbogbo wọn ń wò: ẹnu adíyelé. Iye tí ó bá kọ sínú ìwé ni yóò pinnu bóyá onílé yóò rí òmíràn kọ́, tàbí yóò di ayálégbé lọ́jọ́ ogbó. Ará Ìjòkú kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí Ṣágámù ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn àti ti Bìní ti pàdé.

Òfin kẹrìnlélógún ti ọdún 1975 ni ó dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn adíyelé sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni Òfin Ilẹ̀ ti 1978 dé. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀, owó ìlẹ̀ tí a san lọ́dún náà nìkan ni yóò san padà lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ti ilé ni iye tí a ó fi tún un kọ́, kí a yọ ti ogbó kúrò. A ó sì san owó irè oko. Adíyelé tí ń fi iye sìmẹ́ǹtì àná ṣírò ilé òní ń ja onílé lólè, bí kò tilẹ̀ gba rìbá.

Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ohun tí ó tọ́ ni ẹgbẹ́ wọn, tí a dá sílẹ̀ ní 1969, ṣe nígbà tí ó fi dandan lé e pé kí ọmọ ẹgbẹ́ máa padà kẹ́kọ̀ọ́. Ìyà ni ó kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní irú ọgbọ́n yìí. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ wọn wó láàárín 1980 sí 1989, iye irọ́ tí a fi lé ilé wà lára ohun tí ó fà á. Òfin 1989 wá bójú tó iṣẹ́ náà. Lónìí, wákàtí 14 lọ́dún, ó kéré tán, ni adíyelé tí ó gba àṣẹ níbẹ̀ ń fi kẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn kan ń wí pé owó ẹ̀kọ́ náà pọ̀, ọ̀nà sì jìn. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kí a gbé e wá sí Ṣágámù àti Abẹ́òkúta ni ó yẹ, kì í ṣe kí a fagi lé e. Ohun tí àwa ń bẹ̀rù jù ni ẹ̀kọ́ tí a kàn lọ buwọ́ lùwé, tí a jẹun, tí a sì padà sílé. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a máa dán wọn wò kí a tó tún àṣẹ wọn ṣe, kí a sì kọ́ wọn bí a ti í ṣàlàyé ìṣírò fún àgbẹ̀ ní èdè abínibí rẹ̀.

Ẹ̀yin onílé pẹ̀lú, kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ bèèrè ọdún tí adíyelé yín kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́yìn. Àdá tí a kò pọ́n kì í ṣánko, bí ó ti wù kí èèkù rẹ̀ lẹ́wà tó.