Ọjọ́ Mẹ́ta Àkọ́kọ́ Lójú Omi

Mo fẹ́ sọ èrò ọkàn mi nípa ohun kan tí a máa ń fò kọjá nígbà tí a bá ń sọ ìtàn àwọn tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kàwé ní ìlú òyìnbó. A ó bẹ̀rẹ̀ ní èbúté Apápá, níbi tí ẹbí àti ará ti ń juwọ́ tí wọ́n sì ń kọrin. Lẹ́yìn náà a ó fò tààrà sí ọjọ́ tí ẹni náà padà dé pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, nígbà tí ilẹ̀ ti pòórá, tí òkun sì ń gbé ọkọ̀ sókè sódò bí igbá, a kì í mẹ́nu bà wọ́n. Èrò mi ni pé olùkọ́ tí ó bá fi ọjọ́ wọ̀nyí pamọ́ fún ọmọ kò ṣe é lóore.

Ilé wa kò jìnnà sí oríta Ojú Ẹlẹ́gbà, níbi tí ariwo àwọn ọkọ̀ dánfó kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. (Ojúbọ Ẹlẹ́gbà, tí àwọn àgbà kà sí onílé oríta, ni ó fún àdúgbò náà ní orúkọ, mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín pé ọmọ ilé ìjọ ni ó ń sọ ọ́.) Ní ìsinmi mi àkọ́kọ́ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ti pinnu pé n kò ní padà mọ́. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, oorun kò wá sójú mi, oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi, mo sì rò pé nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni ojo. Ìyá mi kò bá mi jà. Ó rán mi lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa.

Ní ọdún 1959 ni Bàbá wọ ọkọ̀ Aureol lọ sí Liverpool, ìrìn-àjò nǹkan bí ọjọ́ 13. Ó ní, “Ọmọ mi, mo ń rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi kọjá ògiri òkúta tí ó wà ní ẹnu ọ̀sà. Níbẹ̀ ni ẹ̀rín tán.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, òòyì ti gbé e dè sórí ibùsùn. Àwọn mẹ́rin ni ó wà nínú yàrá kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀, olúkúlùkù sì kọjú sí ògiri. Òórùn ẹja díndín láti ilé ìdáná mú kí inú rẹ̀ dàrú. Nígbà tí ọkọ̀ yà ní Takoradi, ó ti di àpótí rẹ̀ láti sọ̀ kalẹ̀, kí ó wá ọkọ̀ ilẹ̀ tí yóò gbé e padà sí Èkó.

Ọmọ Kru kan tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ni ó rí i lẹ́nu ọ̀nà. Kò wàásù fún un. Ó mú un lọ sí òkè ọkọ̀, ó ní kí ó jẹ bisikíìtì gbígbẹ díẹ̀, kí ó sì tẹjú mọ́ ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé omi. Òótọ́ wà nínú ìmọ̀ràn náà: nínú yàrá ìsàlẹ̀, ojú ń sọ fún ọpọlọ pé ara dúró jẹ́ẹ́, etí inú sì ń sọ pé ara ń fì, àríyànjiyàn àwọn méjèèjì ni ó ń bí èébì. Ní ọjọ́ kẹta ara rẹ̀ balẹ̀. Ìgbà náà ni ó tó mọ̀ pé àwọn mẹ́ta yòókù ti ń sunkún lóru, tí olúkúlùkù sì ń fi ìrọ̀rí bo ẹnu.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dun Bàbá títí di òní kì í ṣe èyí. Láti Las Palmas ni ó ti kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ pé òkun dákẹ́ bí omi inú amù, àti pé ara òun le bí òkúta. Àbúrò rẹ̀ gba lẹ́tà náà gbọ́. Ní ọdún 1963, nígbà tí òun náà wọ ọkọ̀ kan náà tí àìsàn òkun sì dá a dùbúlẹ̀, ó gbà pé òun kò ní ọkàn akọni bí ti ẹ̀gbọ́n òun. Ìtìjú kò jẹ́ kí ó sọ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù méje kọjá kí ó tó kọ̀wé sílé. “Èmi ni mo fi lẹ́tà kan ṣoṣo ṣe é lọ́ṣẹ́,” ni Bàbá wí.

Olùkọ́ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi sọ fún mi pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ yóò dẹ́rù ba ọmọ, kò sì ní fẹ́ lọ sí ibikíbi mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, sà, n kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹ wo Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1822, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, ó rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ funfun tí a fi kọ́ nínú ọkọ̀ náà, àti ọta àgbá tí a tò sílẹ̀. Òun àti àwọn ọmọdé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ẹran ènìyàn ni ti àkọ́kọ́, àti pé orí àwọn tí a pa ni ti èkejì. Ìrìn-àjò ìgbèkùn ni èyí, kì í ṣe ti ẹ̀kọ́. Ọdún 1826 ni ó tó lọ kàwé díẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ní ọdún 1837, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti di olùkọ́ ní Sàró, ó kọ ìbẹ̀rù ọmọdé yìí sínú lẹ́tà sí akọ̀wé C.M.S. láìfi bò. N kò tí ì gbọ́ pé ó dín iyì rẹ̀ kù.

Ọkọ̀ Aureol kò ná ọ̀nà náà mọ́ láti ọdún 1974. Bàálù ń gbé ọmọ Èkó dé London láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, kò sì sí Takoradi tí ó lè bọ́ sí. Ọjọ́ mẹ́ta náà ń dúró dè é nínú yàrá tútù kan níbẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwòrán tí ó sì ń fi ránṣẹ́ sílé jẹ́ ti ẹ̀rín nìkan. Lẹ́tà Las Palmas ni mo ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a rán wa lọ kọ́ àwọn ọmọ ní sáà tí ó kọjá, mo ya ọ̀nà ọkọ̀ náà sára pátákó fún kíláàsì karùn-ún: Èkó, Takoradi, Freetown, Las Palmas, Liverpool. Mo sọ ìtàn Bàbá fún wọn, tòun ti àpótí tí ó dì. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin náà sunkún nígbà tí ẹ dé kọ́lẹ́ẹ̀jì?” Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mo dá a lóhùn pé mo sun ún fún alẹ́ mẹ́rin gbáko, mo sì yípadà sí pátákó láti tún fi Takoradi hàn wọ́n.