Singh àti Kaur: Orúkọ Tó Sọ Apọnmi Di Kìnnìún

Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àmọ́ ní ilẹ̀ Íńdíà, orúkọ ìdílé lè kó bá èèyàn. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ báyìí, wọ́n á ti mọ ìran rẹ àti iṣẹ́ tí bàbá ńlá rẹ ń ṣe. Ibẹ̀ ni àwọn kan á ti pinnu bóyá àwọn á bá ẹ jẹun pọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ni Guru Gobind Rai, olórí ẹ̀sìn Sikh, dojú kọ lọ́dún 1699. Ní ìlú Anandpur, níbi àjọ̀dún Vaisakhi, ó fa idà yọ, ó ní òun ń fẹ́ orí èèyàn. Háà! Jìnnìjìnnì bo èrò. Ìtàn àwọn Sikh sọ pé ọkùnrin márùn-ún ló dìde lọ́kọ̀ọ̀kan: ọlọ́jà, àgbẹ̀, oníṣẹ́ aṣọ, apọnmi àti onígbàjámọ̀. Kò pa wọ́n o! Omi ṣúgà inú abọ́ kan náà ló fún wọn mu, ó sì sọ gbogbo wọn ní Singh. Lẹ́yìn náà, òun alára ní kí wọ́n fún òun náà mu. Bó ṣe di Gobind Singh nìyẹn.

Kìnnìún ni Singh túmọ̀ sí. Àwọn Rajput, ìran ọba àti jagunjagun, ti ń jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe gbogbo Singh ni Sikh. Àwọn obìnrin Sikh ń jẹ́ Kaur, tí wọ́n máa ń túmọ̀ sí ọmọ ọba obìnrin. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ o: Kaur kì í ṣe orúkọ bàbá, kì í ṣe ti ọkọ. Tirẹ̀ ni!

Àmọ́ wàhálà ò tán. Ìjọba Kánádà ń sọ fún àwọn tó fẹ́ wá gbé ibẹ̀ pé Singh àti Kaur ti pọ̀ jù, kí wọ́n wá orúkọ mìíràn kún un. Nígbà tí ariwo ta ní 2007, wọ́n jáwọ́. Àwọn Sikh mìíràn gan-an tún ń fi orúkọ ìdílé bíi Gill tàbí Sandhu tẹ̀ lé Singh. Ohun tí wọ́n lé gba ẹnu ọ̀nà, ojú fèrèsé ló ń bá wọlé.

Lójú tèmi, onígbàjámọ̀ yẹn gbọ́n. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ díye lé òun bí ẹran orí àtẹ? Ẹ kọ̀wé sí wa, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu yín. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.