Kì í ṣe táìlì ló ń dá omi dúró ní balùwẹ̀

Bí onílé bá fẹ́ fi kún owó ilé rẹ̀ láyé ìsinyìí, balùwẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń sáré tún ṣe. Yóò gé ibi ìwẹ̀ sọ́tọ̀, yóò fi dígí sí i, yóò gbé ṣáwà kọ́, yóò wá lẹ táìlì tó ń dán láti ilẹ̀ títí kan àjà. Ayálégbé á dé, á wò ó, orí ẹ̀ á wú, á sanwó. Kò burú. Àmọ́ kò ní pẹ́ tí ọ̀dà ara ògiri yàrá tó fara ti balùwẹ̀ náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí nǹkan funfun bí iyọ̀ yóò máa yọ lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ pẹtẹ́ẹ̀sì, ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pariwo pé omi ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì òun.

Púlọ́ńbà ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè. Ìyẹn á ní páìpù ló bẹ́, wọ́n á fọ́ ògiri, wọn ò ní rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, ó ṣeé wò kí wọ́n tó fọ́ ohunkóhun. Bí omi bá ń jò tọ̀sán-tòru, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ wẹ̀, páìpù tó ń gbé omi wá ni kí ẹ fura sí. Bó bá sì jẹ́ pé ó máa ń gbẹ nígbà táwọn ará ilé bá rìnrìn àjò, ibi ìwẹ̀ gan-an ló ń jò, tàbí páìpù tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde.

Lójú tèmi, ibi tí owó ń gbà lọ ni àṣìṣe wà. Onílé á náwó yàlàyòlò sórí táìlì, á wá máa bá bírìkìlà yọwó sìmẹ́ǹtì, nítorí ta ló máa rí ohun tó wà lẹ́yìn? Táìlì gidi kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi dí àárín rẹ̀ ń mu ún. Omi á gba ibẹ̀ kọjá, ògiri tí wọ́n fi yanrìn àti sìmẹ́ǹtì rẹ́ á fà á, búlọ́ọ̀kù náà á sì gbà á.

Ògiri búlọ́ọ̀kù tiwa yìí dára láti lẹ táìlì mọ́, bí wọ́n bá rẹ́ ẹ dáadáa: ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì 1 sí yanrìn 4, yanrìn tó mọ́ tí kò ní iyọ̀, kí wọ́n sì máa bu omi sí i fún ọjọ́ mélòó kan kó lè le. Àwọn kan máa ń po ìyẹ̀fun adènà omi mọ́ ọn. Ó ń ṣèrànwọ́, àmọ́ ògiri tó bá sán yóò jẹ́ kí omi kọjá, bó ti wù kí ìyẹ̀fun náà pọ̀ tó. Ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni ọ̀dà adènà omi tó máa ń rí bíi rọ́bà tó bá gbẹ. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ìkejì dábùú ti àkọ́kọ́, kó ga kọjá orí ṣáwà, kó sì kan gbogbo ilẹ̀. Ní igun àti ibi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀, ẹ tẹ aṣọ tí wọ́n ń tà mọ́ ọn sínú rẹ̀, torí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sán. Ẹ má fi ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì dípò o, gọ́ọ̀mù táìlì kì í di nǹkan bẹ́ẹ̀ mú.

Àwọn tó ń fi bọ́ọ̀dù pín yàrá ni kí wọ́n ṣọ́ra jù. Bọ́ọ̀dù jípúsọ́ọ̀mù, irú èyí tí wọ́n ń kàn mọ́ àjà, máa ń rọ̀ bí omi bá dé ara rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilé onípákó ti pọ̀, wọ́n lo oríṣi rẹ̀ aláwọ̀ ewé lẹ́yìn táìlì ibi ìwẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí àpẹẹrẹ òfin ìkọ́lé wọn ti ọdún 2006 tó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Bọ́ọ̀dù onísìmẹ́ǹtì ló yẹ irú ibẹ̀. Síbẹ̀, omi kì í ba ìyẹn jẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ó ń gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà ọ̀dà adènà omi kò ṣeé yọ sílẹ̀.

Kí wọ́n tó lẹ táìlì ilẹ̀, ẹ dí ojú ihò omi, ẹ da omi sílẹ̀ ibi ìwẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì ibi tó dé, kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24, kẹ́ ẹ sì lọ wo àjà ìsàlẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ á ní ẹ ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ má sì san owó tó kù. Tí táìlì bá ti gun orí rẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè kun ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ láìfọ́ gbogbo rẹ̀, ẹ ó sì san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni àwọn onílé tó ń yọ owó àtúnṣe irú ògiri bẹ́ẹ̀ nínú owó kọ́ṣọ̀n ayálégbé, wọ́n á ní ó ń da omi jù. Ibi ìwẹ̀ ni, kí ló fẹ́ dà síbẹ̀? Ayálégbé tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún, kó béèrè ohun tí wọ́n kùn sẹ́yìn táìlì kí òun tó kó wọlé, àti ọjọ́ tí wọ́n da omi síbẹ̀ wò.