A Kà Wọ́n Mọ́ Àwọn Tó Ti Gbádùn, A Sì Gbàgbé Wọn

Lálaalẹ́ ní ọdún 2020 ni àjọ NCDC máa ń gbé iye mẹ́ta síta: iye àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ti kó àrùn Kòrónà, iye àwọn tó kú, àti iye àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa lọ sílé. Iye kẹta yìí ni àwọn olóṣèlú wa fẹ́ràn jù, òun ni wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Nígbà tí ìkéde náà fi dáwọ́ dúró, àwọn tí àkọsílẹ̀ kà ti lé ní 266,000, àwọn tó kú lé ní 3,100, àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ sì lé ní 250,000. Kò sí iye kẹrin. Kò sí alẹ́ kan tí wọ́n kéde iye àwọn tó délé tí ara wọn kọ̀ tí kò padà sípò.

Ẹ̀sùn tí mo fi kan ìjọba nìyẹn, láti orí ìṣèjọba Buhari títí dé orí èyí tó wà níbẹ̀ báyìí: wọ́n sọ ọjọ́ tí aláìsàn jáde ní ibùdó ìtọ́jú di ọjọ́ tí ojúṣe ìjọba parí.

Kì í ṣe pé ìmọ̀ kò sí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣàlàyé Kòrónà ọlọ́jọ́ pípẹ́: àìlera tó ṣì ń bá ènìyàn fínra ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀, tó sì gbà tó oṣù méjì ó kéré tán, láìsí àìsàn mìíràn tí a lè sọ pé ó fà á. Ní Èkó, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣe ìwádìí lórí ènìyàn 274 tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé kòkòrò náà ti kúrò lára wọn. Ó lé ní 40 nínú 100 wọn tó ní ara àwọn kò tíì dá: àárẹ̀, orí fífọ́, àyà ríro.

Fún ẹni tó ń gba owó oṣù, tó sì ní ọ̀gá tó láàánú, àárẹ̀ lè túmọ̀ sí ìsinmi. Fún alábàárù ní ọjà Mile 12, àárẹ̀ túmọ̀ sí ebi. Ọlọ́kadà tí òòyì ń kọ́ lórí ọ̀dà, olùkọ́ tí kò lè dúró parí iṣẹ́ wákàtí kan, obìnrin tó ní láti sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ tán: ta ló kà wọ́n? Bí wọ́n bá sọ ọ́ síta, aládùúgbò á ní ọ̀lẹ ni wọ́n, ẹbí á ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Bí wọ́n bá sì dé ọsibítù, àpò ara wọn ni owó àyẹ̀wò àti oògùn yóò ti jáde.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fọ̀. Wọn á ní ibà ń pa wá, ebi ń pa wá, ta ló tún ń sọ ti Kòrónà? (Àwọn kan tilẹ̀ ṣì ń pè é ní àrùn olówó.) Ṣùgbọ́n ibà àti ebi yẹn kan náà ni ẹni tí èémí rẹ̀ kò já gaara mọ́ ń bá jà, pẹ̀lú agbára tí kò tó ti tẹ́lẹ̀.

Ó yẹ kí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kí Kòrónà tó dé. Ebola tó jà ní Gínì, Làìbéríà àti Sierra Leone láti ìparí 2013 sí 2016 pa ènìyàn tó lé ní 11,000, ó sì fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn sílẹ̀ pẹ̀lú ojú dídùn àti oríkèé ríro. Ní Gínì, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 fi hàn pé títí di ìparí 2015, ikú láàárín àwọn tó yè lé ní ìlọ́po márùn-ún ti àwọn ará ìlú yòókù. Ẹ rántí Salome Karwah ará Làìbéríà, tó yè nínú Ebola, tó sì padà lọ tọ́jú àwọn mìíràn, tí ìwé ìròyìn Time fi wà lára àwọn ẹni ọdún 2014. Ní oṣù kejì ọdún 2017 ló kú lẹ́yìn ìbímọ. Ẹbí rẹ̀ sọ pé nígbà tí gìrì mú un, ẹ̀rù ń ba àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti fọwọ́ kàn án. Àwa ní Nàìjíríà ní ènìyàn 20 tó kó Ebola, 8 kú. A yin ara wa pé a tètè dá a dúró, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, pàápàá nítorí Dókítà Ameyo Adadevoh tó fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Àmọ́ ta ló béèrè lọ́wọ́ wa nípa àwọn 12 tó yè?

Ìjọba kò lè ní òfin kò sí. Láti ọdún 2010 ni òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti wà, NSITF ló ń bójú tó o, ó sì kan àìsàn tí ènìyàn kó lẹ́nu iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì tó kó Kòrónà ní wọ́ọ̀dù, kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ ní láti máa tọrọ ohun tí òfin ti fún un? Ẹ má gbàgbé pé kí àrùn náà tó dé, 5,000 náírà lóṣù ni owó ewu iṣẹ́ tí dókítà ìjọba ń gbà. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 náà dá owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí agbára wọn kò ká ìtọ́jú: aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, arúgbó, abirùn, aláìní. Kí wọ́n ka àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn sọ di aláìlera mọ́ wọn, kí ọsibítù ìjọba kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tí wọ́n ń rí wọn.

Owó ńkọ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nítorí àrùn yìí, Ìjọba Àpapọ̀ yá bílíọ̀nù 3.4 dọ́là lọ́wọ́ IMF. Ní ọdún 2025, wọ́n ti dá owó náà padà. IMF ní ìwé gbèsè lọ́wọ́, ó sì rí owó rẹ̀ gbà. Alábàárù kò ní ìwé kankan.

Nígbà tí mínísítà ètò ìlera bá tún gbé ìṣúná rẹ̀ dé iwájú àwọn aṣòfin, ìbéèrè kan ni kí wọ́n bi í: nínú àwọn tó lé ní 250,000 tí ẹ dá sílẹ̀, mélòó ni ẹ mọ bí ara wọn ṣe rí lónìí? Kí ó mú ìwé rẹ̀ wá.